Àwọ̀ fíìmù àbí àwọ̀ bó ṣe wà? Bí ẹ ṣe lè fi méjèèjì wéra láì tan ara yín jẹ

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fi àwọ̀ fíìmù sí fótò yìí ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?” Ẹni tó bèèrè á fi fótò méjì ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọ̀kan ní àwọ̀ fíìmù, ó rí bí èyí tí àwọn bàbá wa tọ́jú sínú áábọ́ọ̀mù, èkejì mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ wọn nínú, torí fótò méjèèjì kì í ṣeé fi wéra. Àárọ̀ ni wọ́n ya ọ̀kan, ọ̀sán gangan ni wọ́n ya èkejì, ìmọ́lẹ̀ wọn kò dọ́gba, WhatsApp sì ti fún méjèèjì pọ̀ kí wọ́n tó dé ọwọ́ mi.

Èmi náà ti já sínú kòtò yìí rí. Níbi ìgbéyàwó kan ní Ẹ̀pẹ́, ìyá ìyàwó wé gèlè àwọ̀ àlùbọ́sà. Mo gbé preset kan (àkójọ ètò àwọ̀ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀) tí wọ́n ní ó jọ fíìmù Kodak Gold lé gbogbo fótò ọjọ́ náà lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì fi ránṣẹ́ tayọ̀tayọ̀. Ìpè tó wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà kò gùn: “Ìwọ ọmọ yìí, gèlè ta lo wé fún mi?” Gèlè àlùbọ́sà ti di àwọ̀ ìkòkò amọ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ra aṣọ náà mọ àwọ̀ tí wọ́n sanwó fún, kò sí irọ́ tí mo lè pa. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi preset kankan sí iṣẹ́ oníbàárà láì kọ́kọ́ ṣe àfiwé tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé yín

Fótò tí ẹ ní ẹ ò fọwọ́ kàn yẹn, fóònù ti fọwọ́ kàn án. Kí ẹ tó gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnnì, ó ti da fótò mélòó kan pọ̀, ó ti tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tó ṣókùnkùn, ó ti mú ojú dán, ó sì ti bu àwọ̀ kún ewé àti ojú ọ̀run. Ọbẹ̀ tí wọ́n ti sè ni JPEG yẹn, irú fáìlì tí fóònù sábà máa ń tọ́jú fótò sí. Bí ẹ bá wá gbé preset lé e, ẹ kàn ń fi ọbẹ̀ wé ọbẹ̀ tí wọ́n tún gbé kaná ni.

RAW, ìyẹn fáìlì ohun tí kámẹ́rà rí kó tó sè é, ni ẹja tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ọ̀sà. Síbẹ̀, a kì í jẹ ẹja ní tútù: áàpù tó bá ṣí RAW gbọ́dọ̀ yan bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe máa rí kó tó lè hàn. Ìdí nìyí tí RAW kan náà fi ń rí ọ̀tọ̀ nínú Lightroom, tó tún ń rí ọ̀tọ̀ nínú darktable, tí àwọn méjèèjì jẹ́ áàpù tí a fi ń tún fótò ṣe. Nítorí náà, ohun tí mo máa pè ní A níbí ni RAW tí a ṣí pẹ̀lú profile (bí áàpù ṣe ń yan àwọ̀) tó jẹ́jẹ́, tí a tún white balance (ètò tó ń mú kí funfun rí funfun) àti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe, tí a ò sì ṣe ohun míì sí mọ́. B ni RAW kan náà tí a fi àwọ̀ fíìmù sí.

Kí ló dé tí mo fi tẹnu mọ́ RAW tó bẹ́ẹ̀? Nínú JPEG, pupa ní ipele 256 péré, àwọ̀ ewé 256, búlúù 256. RAW tó jẹ́ 14-bit ní 16,384 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fa JPEG síwá sẹ́yìn, ojú ọ̀run á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìlà-ìlà, ẹ ó sì rò pé preset ni kò dáa.

Ẹ kó ìwọ̀nyí jọ

- Kámẹ́rà tó ń ya RAW, tàbí fóònù tí kámẹ́rà inú Lightroom lè fi ya DNG, irú RAW kan.
- Grey card, káàdì aláwọ̀ eérú tí a fi ń tún white balance ṣe. Bí kò bá sí, ẹ lo bébà funfun, àmọ́ ọ̀pọ̀ bébà ìtẹ̀wé ní kẹ́míkà tó ń mú un tàn sí búlúù, fótò yín á sì fì sí yẹ́lò díẹ̀.
- Aṣọ kan tí ẹ mọ àwọ̀ rẹ̀ dunjú. Àdìrẹ aláró kan ni tèmi, ó ti bá mi dé ibi púpọ̀.
- Ènìyàn méjì bó bá ṣeé ṣe, kí ọ̀kan dúdú, kí èkejì pupa.
- Ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí kì í purọ́. Lórí Samsung, ẹ yí Screen mode sí Natural, ẹ kúrò lórí Vivid. Lórí iPhone, ẹ pa True Tone àti Night Shift.

Yíya fótò ìdánwò

Ibi mẹ́ta ni mo ti ń dán tèmi wò ní Ẹ̀pẹ́: etí ọ̀sà láàárọ̀, abẹ́ tapólì lọ́jà Olúwo níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja, àti ojú ọ̀nà iyẹ̀pẹ̀ pupa lọ́sàn-án. Ẹni tó wà ní Ìkòròdú tàbí Àgbádárìgì á rí irú wọn láì rìn jìnnà. Ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta tó yàtọ̀ síra là ń wá, torí preset tó dára létí omi lè ba ojú ènìyàn jẹ́ lábẹ́ tapólì.

1. Ẹ yí kámẹ́rà sí RAW+JPEG. Ẹlẹ́rìí lásán ni JPEG yẹn. RAW la máa fi ṣiṣẹ́.
2. Ẹ gbé white balance kúrò lórí Auto, ẹ fi sí Daylight. Auto máa ń yí padà láti fótò dé fótò. Bí ẹni tó wọ aṣọ pupa bá kọjá lásán, ó lè da gbogbo àwọ̀ rú. Fíìmù ojúmọmọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ bíi 5500K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) ni wọ́n ṣe é fún, ibẹ̀ ló sì máa ń dúró sí.
3. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ ń yà mú grey card sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ nínú fótò àkọ́kọ́ níbi kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sójú rẹ̀ ni kó bọ́ sórí káàdì náà.
4. Ẹ wo ohun tó funfun jù nínú fótò. Bí iṣẹ́ ọnà ara léèsì funfun bá ti ń pòórá, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀ kí ẹ tún un yà. Fíìmù nẹ́gátíìfù máa ń fara da ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù dáadáa. Kámẹ́rà ìgbàlódé kò lè fara dà á bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá ti jóná di funfun, kò sí preset tó lè mú un padà bọ̀.
5. Ẹ ya mẹ́rin níbi kọ̀ọ̀kan: ojú ènìyàn nítòsí, aṣọ nítòsí, ènìyàn méjèèjì pa pọ̀, àti àyíká pẹ̀lú ojú ọ̀run.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tapólì búlúù yìí díẹ̀, torí ó ti fìyà jẹ mí. Oòrùn tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, búlúù ló máa ń dà sórí ohun gbogbo. Epìyà tó ń dán bíi fàdákà á di búlúù, ìyá tó ń tà á á dà bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Bí ẹ bá gbé grey card sínú oòrùn níta, tí ẹ wá fi tún fótò abẹ́ tapólì ṣe, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan. Abẹ́ tapólì náà ni káàdì gbọ́dọ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni, búlúù ń bọ̀ látòkè, oòrùn ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kò sí white balance kan ṣoṣo tó lè tẹ́ méjèèjì lọ́rùn. A yín gan-an kò ní jóòótọ́ níbẹ̀. Ẹ bẹ ìyá náà kó sún mọ́ etí òjìji, kó kọjú síta, kí ẹ tún ya òmíràn. Mi ò fi fótò abẹ́ tapólì yan preset. Mo fi ń mọ ibi tí preset ti máa já mi kulẹ̀ ni.

Bí ẹ ṣe máa ṣe A àti B lórí fóònù

1. Ẹ ṣí RAW nínú Lightroom. Ẹ lọ sí Profile, ẹ yan Adobe Neutral dípò Adobe Color. Ó máa rí bí aṣọ tí wọn kò lọ̀. Ẹ má bẹ̀rù.
2. Ẹ lọ sí Color, ẹ mú ohun ìfàwọ̀ tó jọ ìgò ìkán-oògùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí grey card. Ẹ kọ nọ́ńbà Temp àti Tint (nọ́ńbà méjì tó ń darí white balance) tó bá jáde sílẹ̀.
3. Ẹ da ètò yẹn kọ sórí fótò yòókù tí ẹ yà níbi kan náà nìkan. Ti etí ọ̀sà kò gbọdọ̀ lọ sí ti ọjà.
4. Ẹ fi Exposure (ibi tí a ti ń tún ìmọ́lẹ̀ ṣe) mú ojú ènìyàn wá sí ìmọ́lẹ̀ tó bójú mu. Ẹ dúró níbẹ̀. A nìyẹn, ẹ gbé e jáde ní JPEG, kí ẹ fi A sí orúkọ rẹ̀.
5. Ẹ wá fi preset fíìmù sí i.
6. Ẹ padà lọ wo Temp, Tint àti Exposure. Ọ̀pọ̀ preset máa ń yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà láì sọ fún yín. Bí wọ́n bá ti yí, ẹ dá Temp àti Tint padà sí nọ́ńbà tí ẹ kọ sílẹ̀.
7. Ẹ tún ìmọ́lẹ̀ ojú ṣe títí tó fi dọ́gba pẹ̀lú ti A, kí ẹ tó gbé B jáde ní ìwọ̀n kan náà, ní sRGB (ètò àwọ̀ tó wọ́pọ̀).

Ìgbésẹ̀ 6 àti 7 ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé. Ojú wa fẹ́ràn ohun tó mọ́lẹ̀. Bí B bá fi díẹ̀ mọ́lẹ̀ ju A, B la máa yàn, a ó sì máa yin fíìmù fún iṣẹ́ tí Exposure ṣe.

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tàbí Fujifilm lẹ ní

Nínú Lightroom Classic, ẹ ṣe Virtual Copy (ẹ̀dà fótò kan náà), kí ẹ fi A sí ọ̀kan, B sí èkejì, kí ẹ yan méjèèjì, kí ẹ sì tẹ C kí wọ́n lè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tí kò fẹ́ sanwó lè lo darktable, ọ̀fẹ́ ni lórí Windows, Mac àti Linux. Ẹ mú snapshot A, ẹ fi module “lut 3D” gbé àwọ̀ fíìmù wọlé, ìlà kan á sì dúró láàárín tí ẹ lè fi mọ́òsì fà lọ fà bọ̀ lórí ojú ènìyàn. RawTherapee náà ní Film Simulation. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni Strength, torí ẹ lè fi àwọ̀ náà sí ìdajì.

Lórí Fujifilm, ẹ lè ṣe é nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí RAW, ẹ lọ sí RAW Conversion, ẹ gbé PRO Neg. Std jáde bí A, kí ẹ tún gbé Classic Chrome tàbí Classic Neg. jáde bí B (orúkọ àwọ̀ fíìmù inú kámẹ́rà náà ni gbogbo wọn). A yìí kì í ṣe ẹja tútù pátápátá o, àmọ́ ó jẹ́jẹ́ tó.

Ohun kan máa ń da àwọn ọmọ iṣẹ́ láàmú: wọ́n á ṣí RAW lórí kọ̀ǹpútà, àwọ̀ rẹ̀ á dùn, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan ó ti rẹ̀wẹ̀sì. Fáìlì yín kò bàjẹ́. JPEG kékeré tí kámẹ́rà fi pamọ́ sínú RAW lẹ kọ́kọ́ rí, kí áàpù tó fi tirẹ̀ rọ́pò.

Ibi tí ẹ máa wò, ní títẹ̀léra

*Àwọ̀ ara ló ṣáájú.* Ọ̀pọ̀ preset máa ń ti àwọ̀ ewé tàbí búlúù díẹ̀ sínú ibi tó ṣókùnkùn. Lójú aláwọ̀ funfun, kò sí wàhálà, torí apá tó mọ́lẹ̀ nínú fótò ni ara rẹ̀ wà. Irun àti kóòtù rẹ̀ ni búlúù yẹn máa bọ́ sí. Àwa dúdú, apá tó ṣókùnkùn gan-an ni ara wa wà, nítorí náà gbogbo búlúù yẹn á dà sójú wa. Èèyàn dúdú mínrínmínrín á wá pọ́n eérú bí ẹni tí ọyẹ́ mú tí kò rí ìpara. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ àgbọ̀n, ibẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ hàn. Ẹni tó pupa ní tirẹ̀, ọsàn ló máa ń dà: preset tó bu pupa àti yẹ́lò kún un á sọ ọ́ di ẹni tó fi epo pupa para. Ìdí tí mo fi ní kí àwọn méjèèjì jọ dúró nìyí. Preset tó bá gbe ọ̀kan tó ba èkejì jẹ́ kò wúlò fún fótò ẹbí.

Bí B bá dùn yàtọ̀ sí ojú nìkan, ẹ má tíì jù ú nù. Ẹ lọ sí Color Grading, ẹ dín àwọ̀ Shadows kù sí ìdajì, kí ẹ wá lọ sí Color Mix, ẹ fọwọ́ kan Orange díẹ̀díẹ̀ títí ara á fi jọ ti inú A. Preset tó jọ Portra kì í sábà nílò iṣẹ́ tó pọ̀ níbí, torí fíìmù àwòrán ènìyàn ni Portra látilẹ̀wá. Fíìmù Velvia ńkọ́? Omi àti ewé ni ẹ lò ó fún. Lójú ènìyàn, pupa rẹ̀ máa ń pariwo jù.

*Funfun.* Ọ̀pọ̀ àwọ̀ fíìmù máa ń fún funfun ní yẹ́lò díẹ̀, ó sì rẹwà lára ògiri. Lára léèsì Hájíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé, ó jọ aṣọ tí wọn kò fọ̀ mọ́.

*Dúdú.* Preset tó ń sọ dúdú di eérú wọ́pọ̀ gan-an. Ẹ gbé àdìrẹ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí aró inú B bá jọ èyí tí wọ́n ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ lọ sí Curve, kí ẹ fa òpin ìsàlẹ̀ apá òsì padà sísàlẹ̀ díẹ̀.

*Omi àti ewé.* Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe òkun inú ìwé ìrìn-àjò. Àwọ̀ ewé tó dàpọ̀ mọ́ ilẹ̀ ló ní, pàápàá lẹ́yìn òjò. Bí preset bá sọ ọ́ di búlúù aláràbarà, ọmọ Ẹ̀pẹ́ kankan kò ní gbà pé ìlú òun lẹ ti yà á.

*Ìyẹ̀pẹ̀ wẹ́wẹ́ ara fíìmù* (grain, àwọn àmì kéékèèké tó máa ń hàn lára fótò fíìmù) ló kẹ́yìn. Lára fíìmù gidi, kì í dọ́gba káàkiri. Ó máa ń hàn jù ní àwọ̀ àárín, lẹ́yìn náà ló ń dínkù. Preset olówó pọ́ọ́kú á da á sí ibi gbogbo bí iyọ̀. Tí WhatsApp bá sì ti fún fótò pọ̀, ìyẹ̀pẹ̀ náà á di ìdọ̀tí. Fún ohun tó máa lọ sórí fóònù, èmi máa ń yọ ọ́ kúrò.

Bí ẹ bá ní preset tó ń fara wé CineStill 800T, alẹ́ ni kí ẹ dán an wò. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù 3200K ni wọ́n ṣe fíìmù yẹn fún, nítorí náà ó máa ń di búlúù lójúmọmọ. Òrùka pupa tó máa ń yí gílóòbù ká wà níbẹ̀ torí pé wọ́n ti yọ ìpele dúdú tó máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì lẹ́yìn fíìmù náà kúrò.

Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì yàn

1. Ẹ yí orúkọ A àti B padà sí nọ́ńbà, kí ẹ da wọ́n rú.
2. Ẹ fi han ẹni tó mọ aṣọ náà àti ẹni tó wọ̀ ọ́, lórí fóònù kan náà, nínú ilé.
3. Ìbéèrè méjì péré: “Èwo ló jọ aṣọ náà?” àti “Èwo lẹ máa fi sórí ògiri?” Ẹ má ṣe bi wọ́n pé èwo ló dáa jù.

Kò wọ́pọ̀ kí ìdáhùn méjèèjì bọ́ sórí fótò kan náà. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, kò yà mí lẹ́nu mọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Ẹ ń fi B wé JPEG fóònù, ẹ sì ń pe JPEG yẹn ní A.
- Ẹ ń fi preset kan sí fótò igba lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi nìyí.
- Ẹ ti tẹjú mọ́ fótò fún wákàtí méjì. Ojú ti mọ́ra. Ẹ dìde, ẹ lọ mu omi, kí ẹ padà wá wò ó.
- Fótò méjì tí ẹ ń wé, ọ̀kan ti gba WhatsApp kọjá. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document, kì í ṣe bíi fótò.
- Ẹ ń wo àwọ̀ níta nínú oòrùn, tí ojú fóònù ti gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé òkè pátápátá.

Bó bá jẹ́ JPEG nìkan lẹ ní

Ẹ pa Beauty àti Scene Optimizer tí fóònù fi ń tún fótò ṣe fúnra rẹ̀, ẹ wọ Pro mode bó bá wà, kí ẹ so white balance mọ́ ojú kan. A yín á jẹ́ “èyí tí fóònù sè tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀”, ìyẹn náà dára. Ẹ má fi preset sí i kọjá ìdajì agbára rẹ̀. Nínú Lightroom fún fóònù, ẹ tẹ ojú fótò mọ́lẹ̀ láì gbé ìka, ẹ ó rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀; ẹ gbé ìka kúrò, àwọ̀ fíìmù á padà.

Èwo ni kí ẹ wá fún oníbàárà?

Ẹni tó ń ta áńkárá, ẹni tó ń ta ẹja, ẹni tó fẹ́ kí aṣọ ẹbí hàn bó ṣe rí: A, láì ronú lẹ́ẹ̀mejì. Fótò kí ìgbéyàwó tó dé, ọmọ tó ń ṣeré létí omi, fótò ọjọ́ ìbí tó máa lọ sínú férémù: B, bí àwọ̀ ara bá ti yege. Níbi ayẹyẹ, mo máa ń fi A ṣe gbogbo rẹ̀, mo sì ń mú bíi ogún tí mo máa ṣe ní B sínú fódà ọ̀tọ̀. Kí n tó gba owó àsansílẹ̀, mo ń fi àpẹẹrẹ méjèèjì han oníbàárà kó fi ẹnu ara rẹ̀ yàn. Mo sì ń tọ́jú RAW, torí ẹni tó yan B lónìí lè pè yín lóṣù tó ń bọ̀ fún A.

Ìyá ìyàwó ọjọ́ yẹn ṣì ń pè mí síṣẹ́. Kó tó sanwó, á ní kí n kọ́kọ́ fi gèlè han òun.